Ìdọ́gbáyò kọ́, ọ̀mì ni

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ kú àríyànjiyàn. Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí èyí, nítorí ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn níbí, lórí "akọ́nimọ̀ọ́gbá" tí wọ́n ń pe kóòṣì, ẹnìkan pè mí ní aláròyé, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ti wà lọ́jà yìí láti ọjọ́ Ajé, mò ń wo orí ọmọ náà, ó ti wọ́ dé èjìká.

Fún ẹni tí kò bá ka ohun tí àbúrò wa ní Ìlọrin fi ránṣẹ́: ó ko ọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù jọ, ó fẹ́ fún àwọn oníròyìn kí wọ́n máa lò ó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì láàrin Shooting Stars ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu ló fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ gbólóhùn tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀: "Ìdọ́gbáyò ni eré náà parí sí, odò sí odò." Ó wá ṣàlàyé lábẹ́ rẹ̀ pé ìdọ́gbáyò ni ká máa pe eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá gbá iye góòlù kan náà wọlé. Ó ní "ọ̀mì" tí a ti ń pè é tẹ́lẹ̀ ti kú, àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ́, àti pé bí wọ́n bá kọ "ta ọ̀mì" sórí fóònù láìfi àmì sí i, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ta omi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti odò kúrò lọ́nà. Odò ni Ògùnpa. Òdo ni èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Odó là ń gúnyán nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí Ògùnpa fi ojú Ìbàdàn rí ní 1980 kò ní fẹ́ gbọ́ pé eré kankan parí sí odò sí odò ní ìlú náà. Mo gbà pé ọwọ́ ló yẹ̀ ẹ́. N kò ní fi ìyẹn mú un.

Ohun tí mo máa fi mú un ni àmì òkè tó wà lórí "gbá".

Dá àti ọgba ló di dọ́gba, ọgba yẹn náà ló sì wà nínú ọgbọọgba. Ohùn àárín ni gba ní, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ mú ìdọ́gba, ẹ fi ayò tẹ̀ lé e, ẹ pa fáwẹ́lì kan jẹ. Kí lẹ rí? Ìdọ́gbayò. Ohùn àárín pàdé ohùn àárín, ohùn àárín náà ni wọ́n bí. Níbo ni àmì òkè gbà wọlé? Nígbà tí mo bi àbúrò léèrè, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí ẹni tó ń kà á lè rí "gbá" ti gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Háà! Ta ló fún wa láṣẹ irú ìyẹn? Ṣé bí ó ṣe wù wá náà la ó máa gbé ohùn gun orí ọ̀rọ̀ ni? Bó bá jẹ́ gbá ló fẹ́, kó gbé gbá síta kí gbogbo ayé rí i: àjọgbádọ́gba. Kò dùn létí rárá, ṣùgbọ́n kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Houston wá gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ohùn òkè máa ń ṣàdédé yọjú nínú Yorùbá, wọ́n sì tọ́ka sí èyí tó máa ń jáde láàrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ọmọ lọ, a máa ń pè é ní ọmọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bá mi wá olùwà nínú ìdọ́gbáyò. Ta ló ṣe kí ni níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ní àwọn ti kọ àpilẹ̀kọ lórí ohùn òkè, pé kí n lọ kà á. Kò burú. Èmi kò kọ àpilẹ̀kọ. Ojú pátákó ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ tèmi sí, àwọn tí mo kọ́ ń bẹ lórí rédíò lónìí tí wọ́n ń ka ìròyìn, ohùn wọn sì gún. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé ọ̀mì ti kú. Níbo ni wọ́n sin ín sí?

Ní Òjé, n'Ìbàdàn, níwájú ilé bàbá tó bí bàbá mi, ọpọ́n ayò kì í kúrò nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ títí ojú á fi ṣú pátápátá. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Bí wọ́n bá ta á tán, wọn kì í fi ẹnu ka èyí tí kálukú jẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó padà sínú ihò, mẹ́rin mẹ́rin, pẹ̀lú ariwo kékeré tí ọmọ ayò máa ń pa bó bá kan igi. Ẹni tí ihò tirẹ̀ bá kún tí ọmọ ayò ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, òun ni ọ̀ta. Ẹnì kejì, òpè ni, wọn yóò sì pè é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi relé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, ihò mẹ́fà á kún lọ́dọ̀ ẹni yìí, ihò mẹ́fà á kún lọ́dọ̀ ẹni tọ̀hún, ọwọ́ àwọn méjèèjì á sì ṣófo. Àwọn tó dúró tì wọ́n á ní "Ọ̀mì!" Bàbá mi àgbà kò ní dìde. Ẹnì kejì kò ní dìde. Wọ́n á tún un ta.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ń lọ. Ọ̀mì kò sọ pé àwọn méjèèjì dọ́gba. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán, pé ọ̀ta kò tíì jẹyọ, òpè kò tíì jẹyọ. Níbi ìjàkadì náà bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wọ̀yá ìjà títí, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀, a ní ọ̀mì ni wọ́n ta. Kò sẹ́ni tó ní agbára wọn ṣe déédéé. Ìdọ́gba ní tirẹ̀, ohun tí a ti wọ̀n, tí òṣùwọ̀n sì ti dúró, là ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdọ́gba jẹ́ ti ẹni tó ń pín ogún. Kì í ṣe ti ẹni tó ń du ife.

Ẹ jẹ́ ká mú 1977, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́njú nígbà náà ṣì ń pa eyín keke tí wọ́n bá rántí rẹ̀. Shooting, tí ń jẹ́ IICC nígbà yẹn, ti gba Cup Winners' Cup ti Áfíríkà ní 1976. Tonnerre ti Yaoundé, níbi tí Roger Milla wà, ni wọ́n nà. Ọdún yípo, wọ́n fẹ́ di ife wọn mú, Rangers ni wọ́n bá pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọmọ Nàìjíríà méjì, ọ̀nà kan. Segun Odegbami àti Muda Lawal lápá kan, Christian Chukwu àti Emmanuel Okala tó ń ṣọ́lé lápá kejì. Wọ́n gbá àkọ́kọ́, 0-0. Wọ́n lọ sí Kaduna lọ gbá ìkejì, 0-0. Ó di pẹnáritì, Rangers gbá mẹ́rin wọlé, Shooting gbá méjì. Rangers náà ló sì gbé ife lọ lọ́dún yẹn, wọ́n na Canon Yaoundé.

Àbúrò, ṣé ìdọ́gba ni 0-0 méjì yẹn? Bó bá jẹ́ pé wọ́n dọ́gba, kí ni wọ́n tún ń gbá pẹnáritì fún? Ọ̀mì ni wọ́n ta, ọ̀mì sì ni ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lọ sílé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ti ife nìyẹn, pé ti líìgì yàtọ̀, pé ní líìgì wọ́n á pín póìntì, kálukú á gba ọ̀kan, ó parí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò jókòó ní Adamasingba rí. Ẹ lọ síbẹ̀, sí pápá tí wọ́n fi sọrí Olóyè Lekan Salami, lọ́jọ́ tí Rangers bá wá ta ọ̀mì pẹ̀lú Shooting. Ẹ dúró sí ẹnu géètì kí ẹ wo bí èrò ṣe ń jáde. Afunfèrè á ti fi fèrè há abíyá, ẹlẹ́pà á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ wá ra èyí tó kù lówó pọ́ọ́kú, àwọn àgbàlagbà á máa bú kóòṣì láti ẹ̀ka ìyá rẹ̀ dé ti bàbá. Lápá kejì, nídìí bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn ará Enugu wá, ijó ni wọ́n ń jó. Nínú líìgì tiwa, níbi tí ẹni tó ń gbá nílé ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń borí nígbà gbogbo, ọ̀mì lóde ìṣẹ́gun ni, ọ̀mì nílé ìṣubú ni. Èsì kan náà ni o, ẹ̀dùn wà lápá kan, ijó wà lápá kejì. Kí ẹnìkan wá fi ìdọ́gba hàn mí níbẹ̀.

Láyé ìgbà tí ẹni tó bá borí ń gba póìntì méjì, ọ̀rọ̀ àbúrò ì bá tiẹ̀ fara jọ òótọ́, torí ọ̀kan-ọ̀kan nígbà náà ni méjì tí a pín sí ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n láti 1995 tí FIFA ti sọ pé póìntì mẹ́ta ni gbogbo ayé yóò máa fún aṣẹ́gun, méjì péré ni ọ̀mì ń mú wálé fún ẹgbẹ́ méjèèjì lápapọ̀. Ọ̀kan ti sọnù. Àwọn méjèèjì ló pàdánù díẹ̀. Ọ̀mì gba ìyẹn mọ́ra, ìdọ́gba kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá kù. Ó ní "ta ọ̀mì" láìsí àmì máa di ta omi, bí ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà ní Mọ́kọ́lá. Mo rẹ́rìn-ín, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, àti èyí tí n kò ní kọ síbí nítorí àwọn ìyá wa wà láàrin wa. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé a ti wá lé ọkọ jáde nílé nítorí ọkọ́? Àwọn tó jókòó lórí àkọtọ́ ní 1974 kò pa ọ̀rọ̀ kankan. Bí a ó ṣe máa kọ ọ́ ni wọ́n tún ṣe: aiye di ayé, enia di ènìyàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àmì sọ́rọ̀, ọ̀lẹ ni ó ń ṣe, a kò sì gbọ́dọ̀ torí ọ̀lẹ yí èdè padà. Google pàápàá ti fi àtẹ Yorùbá sí fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ọ tó ní àmì kékeré lábẹ́ á yọ.

Bàbá wa láti Adó-Èkìtì, ẹ ṣeun tí ẹ gbè mí lẹ́yìn lórí ọ̀mì. Ṣùgbọ́n ẹ ní "ta ọ̀mì" jẹ́ ti ayò nìkan, pé torí ayò là ń ta, "gbá ọ̀mì" ni ká máa sọ fún bọ́ọ̀lù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n n kò gbà. Kí ni ẹṣin ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe? Ó ń ta nípàá. Kí ni ọmọ tó ya aláìgbọràn ń ṣe sí òfin? Ó ń tàpá sí i. Ẹsẹ̀ ti wà nínú ta kí òyìnbó tó gbé bọ́ọ̀lù dé. Mo mọ̀ pé ẹ ó fèsì, ẹ ó sọ pé ta yẹn àti ta yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ fèsì náà, mo ti jókòó. Ẹni tó sì wá sọ láàrin wa pé ọ̀ta orí ayò àti ọ̀tá tí ń bá ni jà, ọ̀kan náà ni, mo bẹ̀ ẹ́, kó lọ fi etí rẹ̀ gbọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ orogún ńkọ́? Àbúrò pe Shooting àti Rangers ní orogún, Àǹtí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó sì fárígá. Wọ́n ní obìnrin méjì tó ní ọkọ kan náà ní ń jẹ́ orogún, ta wá ni ọkọ àwọn wọ̀nyí? Níbí, mo dúró ti àbúrò. Líìgì ni ọkọ. Shooting ni ìyálé, ó ti wà nílé láti ayé tó ń jẹ́ WNDC, kó tó di IICC, kó tó wá di 3SC. Rangers ni ìyàwó, 1970 ni wọ́n gbé e wọlé, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kò sì tíì kó ẹrù jáde nílé ọkọ rí títí dòní. Ìyálé ní tirẹ̀ ti kó ẹrù lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó tún ń padà wá kan ilẹ̀kùn. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ọmọ Shooting ni mí, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i bí orogún ṣe bá a mu? Àǹtí ṣì ń bínú, wọ́n ti ní àwọn kò ní dáhùn mọ́.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ o. Ẹ wo "kò-mẹsẹ̀-ó-yọ" tí a ń lò fún ìpele tí ẹni tí wọ́n bá nà níbẹ̀ ti ń kó bàtà rẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ fi pe ìpele yẹn mọ ohun tó ń ṣe, odidi gbólóhùn ni, ohùn rẹ̀ pé, ó sì dùn lẹ́nu. Ernest Okonkwo, tó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù, ló sọ Odegbami ní "Mathematical" lórí rédíò, kò pe ìpàdé kankan, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. "Aṣọ́lé" nínú àkójọ àbúrò dára. "Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọlé, kó jókòó. Ti "akọ́nimọ̀ọ́gbá" ṣì ń há mi lọ́fun, mọ̀ọ́n ni mo mọ̀, n kò mọ ibi tí lẹ́tà "n" ti sá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà dá mi lóhùn lónìí, ọjọ́ mìíràn ni ká fi ìyẹn sí.

Àbúrò, yọ ìdọ́gbáyò kúrò kí ìwé náà tó dọ́wọ́ àwọn oníròyìn. Fi ọ̀mì síbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì, kí àmì tó wà lábẹ́ ọ rẹ̀ má sọnù. Tún odò ṣe. Bí o bá fẹ́ kí ìdọ́gba rẹ ríṣẹ́ ṣe, lò ó fún ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá dá góòlù padà tí èsì di 1-1, tí eré ṣì ń lọ. "Rangers ti dá a padà sí ọgbọọgba." Ìyẹn dára, mo fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Houston, ohùn àárín ni mo béèrè lọ́wọ́ yín, mo ṣì ń retí olùwà.

Ó ku ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́, tí kò sọ nǹkan kan nípa gírámà, tó kàn wá sọ fún wa pé Remo Stars ló gba líìgì ní 2025, pé kí àwa ti Ìbàdàn jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ kú oríire o. Àwa gba ife Áfíríkà ní 1976, a tún gba òmíràn ní 1992. Ẹ lọ mú ẹyọ kan wá, ká tó jọ sọ̀rọ̀.